Oṣù mẹ́sàn-án tí mo ti ń to Lego: ọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Télọ̀ ni mí ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo, mo sì ti lé lógójì ọdún. Àpótí Lego, ìyẹn bíríkì ìṣeré oníke kéékèèké tí a ń tò mọ́ra fi kọ́ nǹkan, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ara mi ni mo rà á fún. Mo tètè sọ ọ́ torí kò sí oníbàárà tó rí i lórí tábìlì tí kì í béèrè pé, "Àǹtí, ṣé ti àwọn ọmọ ni?" Tèmi ni. Alaalẹ́ tí mo bá ti pa ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo máa ń jókòó tì í. Bí iná wà o, bí kò sí o, láńtánì alágbára oòrùn kan ti tó mi.

LEGO Classic 10698 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹyọ 790 ló wà nínú: bíríkì, pẹlẹbẹ, fèrèsé, ilẹ̀kùn, táyà, àti irinṣẹ́ ike kékeré kan tí wọ́n fi ń tú u. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ló bá mi rà á nígbà tó ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Owó tí mo san padà fún un tó owó iṣẹ́ ìró àti bùbá mẹ́fà. Ó wọ́n, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ṣùgbọ́n mo ti ra ti pọ́ọ́kú rí, lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tajà lórí fóònù. Àwòrán ojúlówó ló fi hàn mí, ayédèrú ló gbé wá. Àwọn kan kì í di ara wọn mú, àwọn mìíràn sì mú débi pé eyín ni mo fi tú wọn. Tí mo bá to ògiri dé ìlà kẹrin, á ti dẹ̀gbẹ́. Mo pe onítọ̀hún títí, kò gbé e. Owó náà wọgbó.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojúlówó méjì kanra, etí mi ló kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Kọ́! Bí ìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì onítítẹ̀ wọnú ara wọn lẹ́yìn bùláòsì. Ẹ yí bíríkì olókókó mẹ́jọ kan dojú dé (kókó ni ohun róbótó kékeré tó yọ lórí rẹ̀): ẹ ó rí òpó róbótó mẹ́ta nínú ikùn rẹ̀. Àwọn òpó yẹn ló ń fún kókó bíríkì ìsàlẹ̀ mọ́ ògiri. Ọjọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 1958 ni wọ́n kọ̀wé gba ẹ̀tọ́ sórí ọgbọ́n yìí ní Dẹ́nmáàkì, bíríkì ọdún náà lọ́hùn-ún sì ń wọ ti òní láì yọ díẹ̀. Káfíńtà ni Ole Kirk Christiansen tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Billund lọ́dún 1932, igi ló kọ́kọ́ fi ń ṣe nǹkan ìṣeré. Èmi tí mo máa ń wọn apá ọ̀tún àti apá òsì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó bára mu, mo mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ìtòjọ ni mo ti ṣìnà. Bí mo ṣe ń kó bọ́tìnì ni mo ṣe kó o: pupa sínú ike áísìkirimù kan, funfun sínú òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo fẹ́ pẹlẹbẹ pupa olókókó méjì kan ṣoṣo. Gbogbo inú ike pupa fòò, mo wú u títí ọrùn fi ń dùn mí. Ojú tètè ń rí àwọ̀ láàárín ohun tó jọra, ṣùgbọ́n ìrísí máa ń sá pamọ́ fún un láàárín àwọ̀ kan náà. Mo bá da gbogbo rẹ̀ sórí ankárá àtijọ́ kan, mo tún un ṣà: bíríkì gígùn lọ́tọ̀, pẹlẹbẹ lọ́tọ̀, èyí tó dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìrísí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì tẹ́ aṣọ sábẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ kàn ká etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ ni.

Téèpù mi náà bá iṣẹ́ lọ. Mìlímítà 8 ni láti àárín kókó kan sí èkejì, bíríkì ga ní 9.6, pẹlẹbẹ ga ní 3.2. Pẹlẹbẹ mẹ́ta lórí ara wọn, bíríkì kan nìyẹn. Ìgbà tí èyí yé mi ni mo tó lè ṣe àtẹ̀gùn tó jọ àtẹ̀gùn.

Ohun tí mo fẹ́ kọ́ ni ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì bàbá bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n ti wó nígbà tí mo ṣì wà ní girama. Páànù rẹ̀ ti dípẹtà, pupa rúsúrúsú ló rí. Kí ẹ tó ra àpótí yìí, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò pọ̀. Wọ́n ṣe é kí ọwọ́ lè tó oríṣiríṣi ni. Mo ní rúsúrúsú fún iwájú òrùlé, ẹ̀yìn wá di búlúù àti yẹ́lò. Kò bà mí lọ́kàn jẹ́. Bíríkì olókókó mẹ́jọ mẹ́fà péré, aláwọ̀ kan náà, ọ̀nà 915,103,765 ni wọ́n gbà dara pọ̀; kí ni n ó ti ṣe 790 tán? Nígbà tó yá, àbúrò mi bá mi ra rúsúrúsú ní ẹyọ-ẹyọ lórí BrickLink, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Lego rà lọ́dún 2019. Ọ̀nà tí mo rò pé ó dára jù nìyẹn: àpótí ojúlówó kan ṣáájú, kí ẹ wá máa fi ẹyọ dí àlàfo.

Ẹ má gbé e sójú fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, funfun rẹ̀ á di yẹ́lò. Eruku ọyẹ́ ń wọ ìdí kókó rẹ̀ gan-an. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́ nínú asẹ́, omi náà kò gbọdọ̀ gbóná ju 40°C lọ.

Bàbá mi yà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n wo ilé náà, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, fèrèsé yàrá ìyá mi dà? Ẹ̀yìn ló wà, apá ibi kànga." Fèrèsé kan ṣoṣo ló kù nínú ike. Mo ti tú ògiri ẹ̀yìn.