Ìkòkò irin tí mo rà ní Kútọ̀ àti àdàlú ilé wa

Bí a bá ń ṣírò owó oúnjẹ, ẹ̀wà wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ dárúkọ pé apá mẹ̀kúnnù ṣì ká, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń ka owó èédú tí ẹ̀wà yóò jẹ kí ó tó rọ̀ mọ́ ọn. Ní ilé wa ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti jẹ́ ẹni mẹ́fà, owó èédú ni ó fẹ́ lé àdàlú kúrò lórí iná wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo rí nípa ìkòkò irin tí mo rà ní ọjà Kútọ̀, tí mo sì ti ń lò fún oṣù mẹ́rin báyìí, nítorí pé òun ni ó dá àdàlú padà sí ilé wa, lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀.

Ìkòkò irin ni a ń pè é, ṣùgbọ́n àlùmíníọ̀mù ni, òòfà kì í gbé e. Àwọn tó ń ṣe é máa ń yọ́ ògbólógbòó àlùmíníọ̀mù nínú iná, wọn a sì dà á sínú yanrìn tí wọ́n ti fi ìkòkò mìíràn tẹ̀ kí ó lè gba àwòrán rẹ̀. Ara rẹ̀ nípọn, ọmọrí rẹ̀ sì wúwo débi pé oru tí ń hó kì í ṣí i. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta owó ìkòkò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó gba iye omi kan náà, èyí tí ó mú kí n lọ, kí n bọ̀, kí n tó san owó náà.

Kí n má baà fi ẹnu lásán yìn ín, mo se àdàlú kan náà nínú ìkòkò fẹ́lẹ́ mi àtijọ́ àti nínú èyí, ní ọjọ́ méjì tí ó tẹ̀ lé ara wọn, lórí àdògán kan ṣoṣo. Agolo mílíkì 4 ni ẹ̀wà olóyin, agolo 2 ni àgbàdo gbígbẹ, mo sì rẹ méjèèjì mọ́jú nínú abọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ìkòkò àtijọ́, láílọ́ọ̀nù èédú 2 ni ó tán pátápátá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bu omi kún un, ìdí rẹ̀ sì tún jó díẹ̀. Nínú ìkòkò irin, láílọ́ọ̀nù 1 tó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo bu omi sí i, kò sì sí ẹyọ ẹ̀wà kan tí ó lẹ̀ mọ́ ìdí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka iye ọjọ́ tí owó èédú tí ó ń kù yóò fi san owó ìkòkò náà padà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán.

Bí mo ṣe ń lò ó ṣe pàtàkì, nítorí pé ìkòkò nìkan kọ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àgbàdo ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kaná, torí pé ó yigbì ju ẹ̀wà lọ. Nígbà tí ó bá ti ń là ni mo ń da ẹ̀wà lé e, lẹ́yìn tí mo ti da omi tí mo fi rẹ ẹ́ nù, pẹ̀lú àlùbọ́sà kan tí mo rẹ́ wẹ́wẹ́. Bí ó bá ti hó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀ láìṣí ọmọrí rẹ̀, mo ń fi aṣọ àtijọ́ tí ó nípọn wé e yíká, mo sì ń gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ooru tí ara ìkòkò náà ti mu kì í tètè kúrò. Lẹ́yìn wákàtí kan, ọmọrí rẹ̀ kì í tíì ṣeé fọwọ́ kàn, ẹ̀wà inú rẹ̀ sì ti ń wú, ó ń rọ̀, láìsí èédú kankan nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo bá dá a padà sórí iná, kì í pẹ́ tí yóò fi jinná tán. N kò fi káún sí i mọ́, inú mi sì dùn sí èyí gan-an, nítorí pé káún a máa jẹ ara àlùmíníọ̀mù, a sì máa ba èròjà aṣaralóore kan jẹ́ nínú ẹ̀wà.

Ata rodo gígún, irú, edé díẹ̀, epo pupa àti ẹja ṣáwá gbígbẹ láti ọjà Láfẹ́nwá ni mo fi ń parí rẹ̀. Ẹja 2 péré ni, mo ń yọ egungun rẹ̀, mo ń ṣà á sínú rẹ̀ kí ó lè dé abọ́ gbogbo ènìyàn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí, n kò sì lè bú láfún láé, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ tí a ó fi jẹ láfún ni ó ń gba owó, ojú oníkálukú yóò sì máa wá ẹran tirẹ̀ nínú ọbẹ̀ náà. Àdàlú kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Bákan náà, èròjà amúaradàgbà inú àgbàdo kò pé, ẹ̀wà sì ní èyí tí àgbàdo ṣaláìní. Ohun tí ẹ̀wà kò ní tó ni àgbàdo fi ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà òjò, tí àgbàdo tútù láti ìhà Ọ̀dẹ̀dá bá kún ọjà, mo máa ń lo èyí tí mo rẹ́ kúrò lára ṣúkù, iṣẹ́ sì máa ń yá sí i.

Ìkòkò náà ní àbùkù. Etí rẹ̀ máa ń gbóná bí ara rẹ̀, nítorí náà ẹ kò gbọ́dọ̀ fún ọmọdé láṣẹ láti sọ ọ́ kalẹ̀, àgbàlagbà tí ọrùn ọwọ́ ń dùn kò sì ní gbádùn ìwúwo rẹ̀. Ohun tí ó jẹ mí lọ́kàn jù ni ti ìlera. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé oríṣiríṣi àlókù ni wọ́n ń yọ́ pọ̀, òjé (ohun tí àwọn olóyìnbó ń pè ní “lead”) lè wà nínú rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí irú ìkòkò báyìí ní Cameroon sì fi hàn pé òjé lè jáde láti ara wọn bí a bá se ohun kíkan nínú wọn. Òjé kò dára fún ẹnikẹ́ni, ó sì burú jù fún ọpọlọ ọmọdé. Nítorí náà, n kì í se ọbẹ̀ tòmátì nínú ìkòkò yìí, n kì í fi oúnjẹ sùn mọ́jú nínú rẹ̀, n kì í sì fi yanrìn tàbí wáyà ha inú rẹ̀. Kànhìn-kànhìn àti ọṣẹ nìkan ni mo ń lò. Ẹni tí ó bá lówó fún ìkòkò tí kì í dípẹtà, tí ìdí rẹ̀ sì nípọn, kí ó ra ìyẹn, pàápàá bí ọmọ ìkókó bá wà nínú ilé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo rà, lọ́dọ̀ òǹtajà mìíràn, ní ihò tóńtó kan ní ìdí rẹ̀, òǹtajà náà sì kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀ fún mi nítorí pé mo ti gbé e kaná. Ẹni tí mo ra èkejì lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: ó pọn omi kún un níṣojú mi, ó gbé e ka orí bébà gbígbẹ, ó ní kí n lọ ra ata mi ná. Nígbà tí mo padà dé, bébà náà ṣì gbẹ táútáú, ó sì yí ọmọrí náà lẹ́nu ìkòkò yípo kí n lè rí i pé kò mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí òǹtajà ṣe méjèèjì fún yín kí ẹ tó sanwó.