Ẹsẹ̀ Ni Kó Kọ́kọ́ Balẹ̀: Oṣù Mẹ́sàn-án Pẹ̀lú Honda CB500X ní Iléṣà

Ní ọdún 2007 ni mo ta Honda CG125 tí mo fi ń lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ láti Iléṣà sí Òṣú, n kò sì gun alùpùpù kankan mọ́ títí di ọdún 2024. Kì í ṣe pé ọkàn mi kúrò níbẹ̀. Ọmọ kejì ló dé, ó sì di dandan kí n ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ìyàwó, ọmọ méjì àti ẹrù kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí bàbá ọmọ máa kó sẹ́yìn alùpùpù lójú ọ̀nà Ifẹ̀. Ní báyìí tí àwọn ọmọ ti wọ yunifásítì, mo padà sídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó tóbi ni mo fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, èyí tó lè gbé mi dé Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́ kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ń ro mí. Honda CB500X ti ọdún 2019 ni mo rà ní tòkunbọ̀. Mo ti lò ó fún oṣù mẹ́sàn-án, mo sì ti rin nǹkan bí 6,000 kìlómítà lórí rẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, pàápàá fún ẹni tó ti gun alùpùpù rí, tó fi í sílẹ̀ pẹ́, tó wá fẹ́ fi ńlá bẹ̀rẹ̀ padà.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ tí mo gbà kò bá mi lára mu. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń gun páwà báìkì, ìyẹn alùpùpù ńlá tó ń sáré gan-an, ní Ilé-Ifẹ̀ sọ fún mi pé ẹni tó bá ra ohun tí ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó 1000cc fi owó ṣòfò ni, pé kò ní pẹ́ tí yóò fi sú u. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi sọ ọ́, n kò sì bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo délé mo ṣírò. CG125 tí mo fi sílẹ̀ kò ní ju nǹkan bí agbára ẹṣin 11 lọ. Yamaha R1 ti ọdún 2015 tí wọ́n ń yìn fún mi ní nǹkan bí 200. Ẹni tó bá ti orí 11 fò bọ́ sórí 200 lẹ́yìn ọdún 17 kò padà síbi tó ti kúrò rárá. Ilẹ̀ tí kò dé rí ló wọ̀. Ẹ́ńjìnnì CB500X jẹ́ 471cc onípísítìnì méjì, agbára rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí agbára ẹṣin 47 lọ. Ìdí tó fi mọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìwé-àṣẹ kan wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní A2, tí kò fàyè gba ẹni tó ni ín láti gun alùpùpù tí agbára rẹ̀ ju kílówáàtì 35 lọ, ìyẹn nǹkan bí agbára ẹṣin 47 náà, ìwọ̀n yẹn gan-an ni Honda sì fi ṣe é. Mo wò ó pé ohun tí ìjọba ibòmíràn fi òfin dè mọ́ àwọn olùbẹ̀rẹ̀, èmi náà lè fi ọwọ́ ara mi dè é mọ́ ara mi.

Síbẹ̀, kì í ṣe agbára ló mú mi yàn án, ibi tí ẹsẹ̀ mi dé ni. Mo ti kọ́kọ́ lọ wo Kawasaki Versys 650 kan ní Òṣogbo. Ọkọ̀ tó dára ni, ẹnu kò sì lè kọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ ga ní 840 mìlímítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì lé ní 210 kílò. Èmi kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínǹṣì méje lọ. Nígbà tí mo gùn ún, orí ìka ẹsẹ̀ ni mo dúró lé, bí ọmọdé tó ń nawọ́ sí ohun tó wà lórí àjà. Ìjókòó CB500X ga ní 830. Ìyàtọ̀ 10 mìlímítà péré ni, ẹnìkan sì lè béèrè pé kí ni ìyẹn já mọ́. Ohun tí nọ́ńbà kò sọ ni pé iwájú ìjókòó CB500X tín-ín-rín, kì í ya itan ẹni sọ́tọ̀ púpọ̀, ẹsẹ̀ sì ń lọ tààrà sílẹ̀. Ìdajì àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ló kan ilẹ̀, ọkọ̀ náà sì jẹ́ 197 kílò pẹ̀lú epo nínú. Mo bẹ ẹni tó bá ń wá alùpùpù ńlá, ẹ má fi àwòrán nìkan yàn án. Ẹ wọ bàtà tí ẹ ó máa fi gùn ún, ẹ jókòó lé e, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀. Bí kò bá ṣeé tì fún yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó lè tì í.

Rírà rẹ̀ gba sùúrù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, mo na ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó gbóná. Ó ti ṣáná sí i kí n tó dé, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì tó tutù ló máa ń jẹ́wọ́ àìsàn rẹ̀. Mo ní n ó padà wá lọ́jọ́ kejì, kí ó má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí mo padà dé, ó tutù, ó jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìró rẹ̀ sì dọ́gba. Mo wo eyín tó ń fa ṣéènì bóyá ó ti ṣe ṣóńṣó, mo wo ẹsẹ̀ iwájú bóyá ọ́ìlì ń sun lára rẹ̀, mo wo etí háńdù àti irin bíréèkì bóyá ó ti ha nínú ìṣubú, mo sì fi nọ́ńbà 17 tó wà lára férémù wé èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Ní ti táyà nìkan ni ọkùnrin náà kò ti sọ òótọ́ fún mi. Ó ní tuntun ni, ihò ojú rẹ̀ sì jìn lóòótọ́, ó ń dán. Mo lóṣòó, mo fi ìka nu erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì rí nọ́ńbà mẹ́rin ní òpin ìlà tí DOT bẹ̀rẹ̀: 4618. Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ 46 nínú ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Òun ló bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ ní Thailand. Rọ́bà rẹ̀ ti le débi pé èékánná mi kò wọ̀ ọ́. Irú táyà bẹ́ẹ̀ kì í di ọ̀dà mú bí òjò bá rọ̀. Mo fi hàn án, a jọ yọ owó táyà méjì kúrò, mo sì san ìyókù. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ pé iye tí mo san yẹn tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tòkunbọ̀ kan.

Ìwé-àṣẹ tí mo ní kò ká alùpùpù mọ́, nítorí kíláàsì B ni, kíláàsì A sì ni ti alùpùpù ní Nàìjíríà. Mo gbà á kí n tó gbé ọkọ̀ jáde. Lẹ́yìn ọkọ̀ fúnra rẹ̀, àṣíborí ni mo náwó lé jù. Láyé CG125 mi, fìlà ni mo ń dé. Mo ti ta á kí ó tó di January 2009 tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e pé kí ọlọ́kadà dé àṣíborí, tí àwọn kan sì ń gbé igbá dérí kí wọ́n má baà mú wọn. Èyí tí mo rà ní àmì ECE 22.06, ìyẹn àmì ìdánwò ààbò àṣíborí, ó bo àgbọ̀n, ó sì fún mi mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ débi pé bí mo bá mi orí, awọ ojú mi ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, pápá ilé ìwé wa ni mo ti ń gùn ún lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ ilé. Ara ń rántí àwọn nǹkan kan, ó sì ń rántí wọn lódì. Lórí CG125, gìgísẹ̀ ni mo fi ń tẹ jíà síwájú. CB500X kò ní irin lẹ́yìn ẹsẹ̀, ìka ẹsẹ̀ ni a fi ń gbé jíà rẹ̀ sókè, mẹ́fà sì ni. Fún ọjọ́ mẹ́rin ni gìgísẹ̀ mi ń tẹ afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ sì ń ké fún jíà kejì. Mo to ìgò omi sórí koríko, mo ń yí láàárín wọn pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tí mo dì mú dáadáa dé ìdajì àti bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀, nítorí rírìn jẹ́jẹ́ ni alùpùpù ńlá fi ń dán ènìyàn wò. Nígbà tí ó bá ti ń sáré, ó rọrùn bí kẹ̀kẹ́.

Ó sì ṣubú lọ́wọ́ mi. Ìdúró ni mo dúró, n kò rìn rárá, ní ìkóríta kan tó dà gẹ̀rẹ́ nítòsí ọjà Atakúnmọ̀sà. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ níbi tí mo rò pé ilẹ̀ wà, ilẹ̀ ibẹ̀ sì fi bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan jìn ju ti òsì lọ. Kí bàtà mi tó kan ohunkóhun, ọkọ̀ ti tẹ̀ kọjá ibi tí apá lè dá a dúró sí. Bí ó bá dúró ṣánṣán, ìka méjì lè mú un. Bí ó bá ti tẹ̀ díẹ̀, 197 kílò náà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta ẹran sáré wá, ó ní, “Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e.” Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ní kí ó kàn dúró tì mí, nítorí mo fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè dá a gbé. Mo pa iná, mo fi í sí jíà kìn-ín-ní kí ó má baà yí, mo sì ti na ẹsẹ̀ sítáńdì jáde nítorí pé apá ọ̀tún ló dojú kọ ilẹ̀. Mo wá kọ ẹ̀yìn sí i, mo gbé ìdí ti ìjókòó, ọwọ́ kan di háńdù, èkejì di irin ẹ̀yìn, mo sì ń fi itan tì í bí mo ti ń rìn sẹ́yìn lẹ́sẹẹsẹ̀. Ó dìde. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó dúró, mo ti máa ń fi ojú yan ibi tí ẹsẹ̀ yóò balẹ̀ sí, ẹsẹ̀ òsì sì ni mo ń gbé sílẹ̀ bí ààyè bá wà.

Lójú ọ̀nà, n kò ní ẹjọ́ púpọ̀ láti rò. Mo ti gbà á lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láìmọye ìgbà, mo sì gba Ìwàràjà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí ọ̀nà ti ń gun òkè tó sì ń yí kọ́rọ́kọ́rọ́. Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ tí mo sì já jíà sílẹ̀ ní kíákíá, táyà ẹ̀yìn kì í fò, nítorí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń yọ̀ díẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ fà á sẹ́yìn jù. Táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 19, ó ń re kòtò kéékèèké kọjá dáadáa. ABS rẹ̀ gbà mí lẹ́ẹ̀kan nínú òjò nígbà tí ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà lẹ́yìn Òṣú. Mo gbọ́ bí irin bíréèkì ti ń lu ìka mi kùkùkù, ọkọ̀ sì dúró lórí ìlà tó wà. Lórí yanrìn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e: ibi tí ó ti ń dúró jìn ju bí ẹ ti rò lọ.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó yàtọ̀ jù sí ti àtijọ́. Ṣéènì CG125 mi wà nínú páálí irin, mo lè gbàgbé rẹ̀ fún oṣù kan. Ti èyí wà ní gbangba, erùpẹ̀ pupa wa sì ń mọ́ ọn lára, nítorí náà ní bí 500 kìlómítà kọ̀ọ̀kan mo máa ń fọ̀ ọ́, mo sì ń fi ọ́ìlì ṣéènì pa á. Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, mẹkáníìkì wa, tí mo fẹ́ràn, ti fẹ́ da ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sí i. Ó ní, “Tíṣà, ọ́ìlì kan náà ni gbogbo wọn.” Mo fi hàn án pé inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì ń wẹ̀, pé ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní èròjà amúyọ̀ tó lè mú kí kílọ́ọ̀ṣì má dì mọ́, pé 10W-30 tó ní àmì JASO MA, àmì ọ́ìlì tó bá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu, ni kó wá. Ó ka ẹ̀yìn ike náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti ń ra irú rẹ̀ fún àwọn oníbàárà mìíràn báyìí. Táyà ẹ̀yìn, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 160/60-17, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan tí mo wọ̀ ní Iléṣà. Èkó ni mo ti ránṣẹ́ ra méjèèjì. Epo kò ni mí lára: tánkì rẹ̀ gbà ju lítà 17 lọ, mo sì ń rí nǹkan bí 25 kìlómítà nínú lítà kan.

Ìyá Tọ́lá, ìyàwó mi, kò gùn ún títí ó fi pé oṣù mẹ́jọ tí mo rà á. Ó ti sọ pé òun kò ní gùn ún àfi bí òun bá fojú rí i pé mo ti padà mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó dé àṣíborí tirẹ̀, a sì lọ sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Ìwọ̀n rẹ̀ hàn lára ọkọ̀, mo sì ti yí sípíríǹgì ẹ̀yìn le kí a tó kúrò nílé. Nígbà tí a padà dé, ó ní ìjókòó ẹ̀yìn le, pé ó kéré fún ìrìn tó bá ju wákàtí kan lọ, òótọ́ sì ni. Lẹ́yìn náà ló béèrè ìgbà tí a máa lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà.