Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra gílóòbù LED tàbí xenon fún iná iwájú ọkọ̀: òǹtẹ̀ ara páálí kì í ṣe àṣẹ òfin

Gbogbo ẹni tó ń gbèrò láti yọ gílóòbù halogen (èyí tí wáyà tín-ín-rín ń tàn nínú rẹ̀) tó bá ọkọ̀ rẹ̀ dé láti iléeṣẹ́, kí ó sì fi ti LED tàbí xenon rọ́pò rẹ̀, ni mo kọ ìkìlọ̀ yìí sí, pàápàá ẹni tí òǹtajà kan ti fi dá lójú pé òfin fọwọ́ sí i. Irú àwọn òǹtajà bẹ́ẹ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì dùn: wọn á ní ọjà àwọn ní òǹtẹ̀ E, ó ní CE, ìjọba Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti fọwọ́ sí i, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa dá ọkọ̀ yín dúró nítorí rẹ̀. Òǹtẹ̀ náà máa ń wà lára ọjà lóòótọ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín ni ohun tí òǹtẹ̀ ọ̀hún jẹ́rìí sí, ibẹ̀ gan-an sì ni jìbìtì náà sá pamọ́ sí.

Ẹnì kan gbé irú ọjà bẹ́ẹ̀ wá fún mi lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀ kùnà níbi àyẹ̀wò. Iwájú páálí náà ń dán, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó 20,000 lumen, ìyẹn ìwọ̀n bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Nígbà tí mo yí páálí náà dé ìdí, mo rí ìlà kan lábẹ́ bákóòdù tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ, tó ní kí a má ṣe lò ó ní ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń rìn. Lára àpótí kékeré tó ń darí iná lọ sínú gílóòbù náà ni lẹ́tà E wà nínú róbótó kan pẹ̀lú nọ́ńbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí òǹtajà ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìpolówó rẹ̀. Àmọ́ fọ́tò náà kò dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, nítorí pé ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé róbótó yẹn ni 10R.

Láti inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní Geneva ní ọdún 1958, lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ni òǹtẹ̀ E ti wá. Nọ́ńbà tó wà pẹ̀lú E nínú róbótó ń sọ orílẹ̀-èdè tó fúnni ní àṣẹ nìkan: 1 ni Jámánì, 4 ni Netherlands, 11 sì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ fúnni ní àṣẹ. 10R ń tọ́ka sí Òfin 10 lára àwọn òfin abẹ́ àdéhùn náà, èyí tó wà fún pé kí ohun èlò má ṣe da rédíò àti àwọn ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ mìíràn inú ọkọ̀ láàmú. Kò sí ẹni tó wọn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tàn kí wọ́n tó tẹ òǹtẹ̀ yẹn. Òfin 37 ló ń ṣàkóso gílóòbù tó ní wáyà nínú, bíi halogen. Òfin 99 ló wà fún xenon, Òfin 128 sì wà fún LED. Ẹni tó bá fi 10R hàn yín gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé iná náà bófin mu dà bí awakọ̀ tí ọlọ́pàá ní kó mú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ jáde, tó wá na káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára sí i.

Ti CE kò gba àlàyé púpọ̀: iléeṣẹ́ tó ṣe ọjà ló ń fúnra rẹ̀ kéde pé ọjà òun bá àwọn òfin Yúróòpù kan mu, òǹtẹ̀ náà kò sì rọ́pò àṣẹ tí òfin ń béèrè fún iná ojú pópó. Ọ̀rọ̀ pé ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ló burú jù lójú tèmi, nítorí pé irọ́ gbuu ni. NHTSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò ọkọ̀ níbẹ̀, kì í fọwọ́ sí iná ọkọ̀ kankan kó tó dé ọjà. Òfin wọn ni pé kí ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé ó bá FMVSS 108, ìlànà ààbò wọn fún iná ọkọ̀, mu, lẹ́tà DOT (ìkékúrú orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìrìnnà níbẹ̀) tó wà lára iná sì ni ẹ̀rí tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ yẹn. Àjọ yìí kan náà ti sọ ọ́ léraléra pé kò sí gílóòbù LED tí ìlànà náà gbà láyè pé kí wọ́n fi rọ́pò halogen nínú iná iwájú. Bí òǹtajà bá kọ ọ́ pé DOT fọwọ́ sí ọjà òun, ẹ ti rí ẹ̀rí pé kò mọ òfin náà, tàbí pé ó mọ̀ ọ́n tó sì ń purọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí òfin fi le báyìí, torí àwọn òǹtajà a máa sọ pé owó ìtanràn lásán ni ìjọba ń wá. Ohun kan ṣoṣo ni gílóòbù àti ilé iná, ìyẹn odindi iná iwájú tí a ń ki gílóòbù sínú rẹ̀, lójú òfin. Iléeṣẹ́ tó ṣe ilé iná ti ṣírò bí dígí inú rẹ̀ tó ń taari ìmọ́lẹ̀ síwájú yóò ṣe tẹ̀ láti ibi tí wáyà tín-ín-rín inú gílóòbù wà gan-an, àti bí wáyà náà ṣe gùn tó. Ẹ mú gílóòbù H4, irú halogen kan, lọ́wọ́ kí ẹ sì wò ó dáadáa. Wáyà méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan ń lo 55 watt fún iná ìsàlẹ̀ (èyí tí a ń tàn bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀ níwájú), èkejì ń lo 60 watt fún iná òkè (èyí tó ń tàn jìnnà). Lábẹ́ wáyà iná ìsàlẹ̀, ẹ ó rí irin kékeré kan tó tẹ̀ bí ìgbá. Iṣẹ́ irin yẹn ni láti ṣíji bo apá ìsàlẹ̀ dígí náà, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá kan ibẹ̀, òkè ni dígí yóò taari rẹ̀ sí, àárín ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò sì bá. Ibi tí irin yẹn parí sí ló ń fa ìlà tó hàn gedegbe tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá tan iná sára ògiri.

Nínú gílóòbù LED tí wọ́n ń tà, kò sí wáyà tó ń tàn yí ká. Àwọn nǹkan pẹlẹbẹ tó ń tàn ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àárín wọn sì nípọn. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n milimítà kan péré yẹ̀ kúrò ní ibi tí wáyà yẹ kó wà, ìlà tí mo sọ yẹn á dà rú, ìmọ́lẹ̀ á sì tú ká sókè. Ti xenon kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí inú afẹ́fẹ́ gáàsì ni iná rẹ̀ ti ń jó, ìrísí iná náà sì yàtọ̀ pátápátá sí ti wáyà tí dígí náà ń retí. Ilé iná tí iléeṣẹ́ ṣe fún LED tàbí xenon láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ní wàhálà yìí, bí ó ti wù kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ tó.

Àwọn òǹtajà wá ní ọgbọ́n kan tí wọ́n fi ń ra ojú ènìyàn mọ́ra. Wọn á tan iná náà sí ògiri tó wà nítòsí, ẹ̀gbẹ́ kan halogen, ẹ̀gbẹ́ kejì LED, ẹ ó sì rí i pé LED funfun báláú, ó sì mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ. Bí ẹ bá wá wọ òkùnkùn lójú ọ̀nà, iwájú ọkọ̀ níbí ni ìmọ́lẹ̀ náà á pọ̀ sí. Ẹyinjú á sì fún nítorí ìmọ́lẹ̀ ìtòsí yẹn, tí ohun tó wà lọ́nà jíjìn kò sì ní hàn tó bó ṣe ń hàn tẹ́lẹ̀. Awakọ̀ á gbà pé òun ń ríran jù tẹ́lẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé òdì kejì ló rí. Ní ti 20,000 lumen, H7 (irú halogen mìíràn) tó dá ṣáṣá ń mú nǹkan bíi 1,500 lumen jáde. LED tó dára lè mú 100 sí 150 jáde látinú watt kan, nítorí náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ pín 20,000 sí gílóòbù méjì, ẹyọ kan yóò nílò nǹkan bíi 65 sí 100 watt, ooru tó sì máa jáde látinú rẹ̀ kọjá ohun tí fáànù kékeré ìdí rẹ̀ lè lé lọ. Fáànù yẹn gan-an kì í sábà jẹ́ kí ìdérí rọ́bà ẹ̀yìn ilé iná padé mọ́, omi á wọlé, dígí inú á sì bàjẹ́.

Ẹ lọ wo ara gíláàsì iná yín kí ẹ tó ná owó kankan. Wọ́n tẹ lẹ́tà sí i lára níbẹ̀. Lábẹ́ ìlànà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, HC túmọ̀ sí pé halogen ni wọ́n fún ní àṣẹ fún iná ìsàlẹ̀, HR jẹ́ ti iná òkè, HCR sì jẹ́ ti méjèèjì. Xenon a máa ní DC, DR tàbí DCR. Bí ara gíláàsì yín bá ní HCR, tí ẹ sì ki xenon sínú rẹ̀, oníṣẹ́ àyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ tún wò ó bóyá ọfà wà níbẹ̀. Iná tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọwọ́ òsì máa ń ní ọfà, èyí tó wà fún ọwọ́ ọ̀tún nìkan kì í ní. Ọfà olórí méjì sì wà fún èyí tó lè ṣe méjèèjì. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan ń ta odindi ilé iná tí wọ́n kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń gba ọwọ́ kejì wakọ̀, irú iná bẹ́ẹ̀ á sì máa gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lọ sójú àwọn tó ń bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ xenon tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Òfin 48 kò gba orísun ìmọ́lẹ̀ iná ìsàlẹ̀ tó bá kọjá 2,000 lumen láyè lásán. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ rẹ iná sílẹ̀ bí ẹrù bá wúwo lẹ́yìn, àti ẹ̀rọ tó ń fọ gíláàsì iná. D2S, tó wọ́pọ̀ nínú xenon, jẹ́ 3,200 lumen. Kò sí èyíkéyìí nínú ẹ̀rọ méjèèjì yìí nínú páálí tí wọ́n ń tà fún yín. Iná tó ń ṣáná sí xenon nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tàn án sì lè kọjá 20,000 volt, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe rewáyà tó mọ̀ ọ́n dáadáa fọwọ́ kàn án.

Bí ìyà rẹ̀ ṣe rí yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2021, ìwé ìtọ́sọ́nà MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ibẹ̀ ń béèrè, sọ ọ́ kedere pé bí wọ́n bá sọ ilé iná halogen mọ́tò di ti LED tàbí xenon, kí ó kùnà. Ní Jámánì, àṣẹ tí ọkọ̀ fi ń rìn lójú pópó lè parẹ́. Iléeṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú lè fi àtúnṣe tí ẹ kò sọ fún wọn ṣe àwíjàre bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, àwọn òǹtajà sì mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí ìlà wínníwínní yẹn fi wà ní ìdí páálí, kí wọ́n lè nàka sí i lọ́jọ́ tí ẹ bá bínú padà wá.

Mi ò sọ pé kò sí ọ̀nà tó bófin mu o. Ní Jámánì yìí kan náà, ní ọdún 2020, iléeṣẹ́ Osram gba àṣẹ lọ́wọ́ KBA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, fún gílóòbù LED tó lè rọ́pò H7, Philips sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2021. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú sílẹ̀ níbí, nítorí àwọn ayédèrú ti ń gun ẹ̀yìn ìròyìn yìí tajà. Àṣẹ náà kò kan gbogbo ọkọ̀: àtòkọ ọkọ̀ àti nọ́ńbà ilé iná wà, ọkọ̀ tí kò bá sí níbẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àṣẹ tí Jámánì sì fúnni lọ́nà yìí kì í fúnra rẹ̀ di òfin ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni láti ra halogen tuntun tó ní àṣẹ Òfin 37, kí ẹ pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, kí ẹ fọ gíláàsì iná tó ti ṣú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ tún ibi tí iná dojú kọ ṣe. Iná tí àwọn ènìyàn ń pè ní aláìlágbára, gíláàsì rẹ̀ ló sábà máa ń ṣú. Bí ó bá jẹ́ dandan kí ẹ lo LED tàbí xenon, odindi ilé iná tí wọ́n ṣe fún un, tó sì ní àṣẹ fún irú ọkọ̀ yín, ni kí ẹ rà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó yẹ kó bá a rìn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà, kí ó sì fèsì ní kíkọ: lábẹ́ òfin wo ni wọ́n fún gílóòbù yìí gan-an ní àṣẹ, kí ni nọ́ńbà àṣẹ náà, ṣé ọkọ̀ tèmi sì wà nínú ohun tí ó kàn? Ẹ ní kí ó ya fọ́tò gbogbo ẹ̀gbẹ́ páálí náà, kì í ṣe iwájú nìkan.

Ẹni tó ti sanwó, kí ó tètè ya àwòrán ìpolówó náà kí òǹtajà tó pa á rẹ́, kí ó fi ti ìlà wínníwínní yẹn àti ti 10R kún un, kí ó sì kó wọn pọ̀ mọ́ ìwé àyẹ̀wò tó kùnà láti fi béèrè owó rẹ̀ padà lọ́wọ́ ibi tó gbà sanwó. Ẹ má sì ju halogen àtijọ́ nù, nítorí òun ni ẹ ó dá padà sínú ilé iná kí ọkọ̀ tó tún lè kọjá níbi àyẹ̀wò.