Ibi tí mo ti ya mámógíráàmù n'Íbàdàn: iṣẹ́ dáa, ẹnu ò dáa

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń bi mí léèrè ibi tí mo ti lọ ya mámógíráàmù, ìyẹn fọ́tò X-ray ọmú tí wọ́n fi ń wá jẹjẹrẹ, ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ni nínú ìgboro Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ wọn torí mo lẹ́jọ́ tí mo fẹ́ rò, àmọ́ 4 nínú 5 ni mo fún wọn. Ẹjọ́ ọ̀hún nìyí: ọmọbìnrin tó wà ní káńtà pariwo sáàrin èrò pé "Mọ́mì tó fẹ́ ya ọmú dà?" Háà! Bàbá kan tó wá ya X-ray orúnkún gbójú sókè, ó wò mí látòkèdélẹ̀. Ṣé wọn ò lè pe nọ́ńbà ni? Irú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí obìnrin míì yí padà lẹ́nu géètì. Bàbá yẹn gan-an ò sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ń ní jẹjẹrẹ ọmú, bó tiẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Àmọ́ àǹtí tó ń lo ẹ̀rọ, ẹ bá mi kí i. Kó tó ṣe ohunkóhun ó fún mi ní wáìpù kí n fi nu abíyá, ó ní páúdà àti dìódóráǹtì máa ń yọ nínú fọ́tò bí àmì funfun wínníwínní, dókítà á wá máa wò ó pé àbí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó gbé ọmú mi lé pẹpẹ ẹ̀rọ, ó fọwọ́ tò ó, ike fífẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀ látòkè, ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ó dùn mí o, mi ò ní parọ́, àmọ́ ó ní "ẹ má mí, Mọ́mì", ká tó ṣẹ́jú pẹ́ ó ti tú mi sílẹ̀. Méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, ó parí. Ó ní bí wọ́n bá ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ni fọ́tò ṣe máa mọ́ tó, ìtànṣán tó máa wọ ara náà á sì kéré. Tẹ́ẹ bá ṣì ń rí nǹkan oṣù, ẹ lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìgbà yẹn ni ọmú kì í fi bẹ́ẹ̀ ro èèyàn. Ẹ sì wọ bùbá àti síkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wọ gáùn á bọ́ gbogbo ẹ̀ kalẹ̀ ni.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé wọn ò kàn ń wówó: àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 28, bá mi lọ torí kókó kan nínú ọmú ẹ̀ tó máa ń yí tó bá fìka kàn án, ó fẹ́ sanwó mámógíráàmù, wọ́n ní rárá. Ọmú ọ̀dọ́ ṣì ki, funfun ló máa ń hàn nínú fọ́tò, kókó náà funfun, kí lẹ fẹ́ rí níbẹ̀? Skáànù, èyí tó ń fi ìró wo inú ara, ni wọ́n ṣe fún un, owó ẹ̀ sì kéré sí i. Wọ́n ní ó jọ kókó tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, kó padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà kí wọ́n tún un wò.

Èsì tèmi, BI-RADS 2 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ bí èsì mámógíráàmù ṣe rí, ká ní wọ́n kàn gbé e lé mi lọ́wọ́ ni, ẹ̀rù ì bá ti pa mí, àmọ́ dókítà wọn jókòó, ó là á yé mi: 2, kò séwu, 0, fọ́tò ò tíì tó, wọ́n máa ya sí i, 4 àti 5, ó di biopsy, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ mú ẹran díẹ̀ níbẹ̀ lọ láàbù, torí fọ́tò ò lè fẹnu ara ẹ̀ sọ pé jẹjẹrẹ ni. Wọn kì í ṣe biopsy lọ́dọ̀ wọn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, ni wọ́n ń darí èèyàn sí. Ó ní tó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ, kẹ́ni náà rí i pé wọ́n yẹ ER, PR àti HER2, àwọn àmì mẹ́ta kan lára jẹjẹrẹ náà, wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, torí ẹni tó ní ER ló ń lo tamoxifen, ẹni tó ní HER2 ló ń gba trastuzumab, ẹni tí ò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú ẹ̀ sì pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú ju òyìnbó lọ, kímò, oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ, ló sábà máa ń kàn án. Ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àgbo ló fi ń fọ kókó tiẹ̀ torí "kò kúkú dùn mí", bẹ́ẹ̀ sì rèé, jẹjẹrẹ ọmú kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kì í rí gbogbo nǹkan o, tọ́wọ́ yín bá ba kókó, tórí ọmú wọnú tàbí tẹ́jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, ẹ lọ, kódà kí èsì ti tẹ́lẹ̀ mọ́ tónítóní.

Owó wọn ò kéré, ó sì ń yí, ẹ pè wọ́n kẹ́ẹ tó jáde nílé. Ẹ gba CD fọ́tò yín jàre! Pépà nìkan ni wọ́n fẹ́ fún mi, mo ní n ò gbà, torí èyí tí mo bá tún máa yà lọ́jọ́ iwájú, òun ni wọ́n máa fi wé.