Dínámò tàbí alternator: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ tún wáyà katakata àtijọ́ ṣe l'Ábẹ́òkúta

Katakata àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lóko wa láti Ọ̀dẹ̀dá dé Alábàtà, pàápàá Massey Ferguson 35, àti 135 tó tẹ̀lé e ní 1964. Ẹ́ńjìnì wọn kì í tètè kú; wáyà ni í kọ́kọ́ bàjẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, tàbí ẹ fẹ́ tún tiyín ṣe kí òjò tó dé, rèwáyà á ní kẹ́ ẹ mú ọ̀kan nínú méjì: kí òun tún dínámò tó bá a wá ṣe, ìyẹn ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi ṣáájì bátìrì, tàbí kí òun yọ ọ́ dànù, kí òun fi alternator, ti ìgbàlódé tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, sí i. Ní tèmi, iṣẹ́ tí katakata náà fẹ́ ṣe ni kẹ́ ẹ fi yàn, kí owó wáyà sì ṣáájú owó méjèèjì.

Agbára wọn

Dínámò Lucas tó wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ampere 11 ló ń mú jáde. Èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í sábà kọjá 22. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Iná iwájú méjì, wáàtì 45 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iná ẹ̀yìn kan tó jẹ́ wáàtì 55, gbogbo ẹ̀ 145. Ẹ fi fóòtì bátìrì, 12, pín in: ó lé díẹ̀ ní ampere 12. Dínámò 11 kò ká a mọ́, inú bátìrì ni ìyókù ti ń jáde. Tí ẹ́ńjìnì bá tún wà ní síló, dínámò kì í ṣáájì rárá.

Alternator Lucas 17ACR ń mú 36 jáde, Delco 10SI tó wọ́pọ̀ sì ń mú tó 63. Méjèèjì ń ṣáájì ní síló. Ẹni tó ń fi katakata ṣe háyà, tó ń túlẹ̀ dalẹ́, tó sì ń gba títì márosẹ̀ padà sílé lóru, alternator ni kó rà, kó má wo ẹ̀yìn.

Àmọ́ ẹni tí oko rẹ̀ ò jìnnà sílé, tó ń ṣíwọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú ńkọ́? Ẹ́ńjìnì dísù wọ̀nyí kò nílò iná mọ́ tó bá ti sítáàtì. Dínámò tó yè kooro tó o. Bó bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ lálẹ́, kó ra iná LED méjì oníwáàtì 27. Kò ní jẹ ju ampere 5 lọ.

Rírà àti títúnṣe

Dínámò ló gbà yín lówó díẹ̀ jù. Kábọ́ọ̀nù tuntun, búùṣì ẹ̀yìn, kí tọ́nà sì bá yín fá ojú ibi tí kábọ́ọ̀nù ń họ: ó tán. Ẹ máa kán ọ́ìlì sí ihò kékeré ẹ̀yìn rẹ̀, torí búùṣì tó gbẹ ló ń pa á. Bí wáyà inú rẹ̀ bá ti jó, ẹ má náwó lé e mọ́.

Alternator tòkunbọ̀ pọ̀ ní Ládípọ̀, l'Ékòó. Púlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ti ọkọ̀ ìgbàlódé máa ń ní ojú tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀, bẹ́líìtì katakata sì jẹ́ olójú kan. Ẹ ní láti pààrọ̀ púlì náà. Wẹ́dà yóò tún ṣe irin tí yóò gbé e dúró. Bí púlì méjèèjì kò bá dọ́gba, bẹ́líìtì á máa já ni.

Pọ́sítíìfù lára irin

Ibí yìí ni owó ti ń ṣòfò jù. Ọ̀pọ̀ katakata tó gbé dínámò Lucas wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló so orí pọ́sítíìfù bátìrì mọ́ irin. Dínámò gba ìhà méjèèjì. Alternator kò gbà. Ẹ gbọ́dọ̀ yí bátìrì padà kí nẹ́gétíìfù bọ́ sára irin kẹ́ ẹ tó so ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dáyóòdù inú rẹ̀ á jó lójú ẹsẹ̀. Kíkì sítátà ò ní yí sódì, ẹ má fòyà. Àpótí rẹ́gúlétọ̀ àtijọ́ ò níṣẹ́ mọ́. Wáyà ṣáájì kò gbọdọ̀ gba inú àmítà àtijọ́ (aago tó ń ka ampere) tí kò ju 30 lọ kọjá, yóò jó o. Gílóòbù pupa ojú dáṣíbọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ wà: òun ló ń jí alternator 17ACR.

Wáyà fúnra rẹ̀

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, wáyà burúkú á sọ ọ́ di òfo. Ẹ má gbà kí wọ́n fi wáyà ilé, èyí tó jẹ́ irin kan ṣoṣo, ṣiṣẹ́ lára katakata. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì á ṣẹ́ ẹ nínú rọ́bà, ẹ ò sì ní rí ibi tó ti ṣẹ́. Onífọ́nrán púpọ̀, tó jẹ́ bàbà gan-an, ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ họ ẹnu rẹ̀: bí inú bá funfun, pánda ni wọ́n fi bàbà kùn. Fún iná, 2.5 mm² tó. Fún alternator 63, 10 mm². Fún bátìrì sí kíkì sítátà, 50. Kí wọ́n fi fíúùsì sí oríṣìíríṣìí iná lọ́tọ̀, torí àtijọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní. Kí wọ́n há ìdì wáyà sínú páìpù roba, eku fẹ́ràn katakata tó dúró lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí ààtì, ìyẹn wáyà tó so bátìrì mọ́ irin, ti kan ẹ́ńjìnì, kí wọ́n fá kíkùn àti ìpẹtà kúrò títí irin yóò fi dán.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ fi mítà wò ó lójú rèwáyà. Bátìrì tó kún, tó ti sinmi, fóòtì 12.6 ni. Bó bá jẹ́ alternator, tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú iná títàn, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4, bó bá kọjá 15, omi bátìrì á máa hó. Tí wọ́n bá ń sítáàtì, ẹ fi ẹnu mítà kan sí nẹ́gétíìfù bátìrì, ìkejì sára ẹ́ńjìnì: bó bá ju fóòtì 0.5 lọ, ààtì kò dáa, kí wọ́n tú u, kí wọ́n tún un dè.