Ọ́fíìsì lọ́yà físà kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo: ìdí tí mo fi ní kí ẹ lọ, àti ohun tí kò dáa níbẹ̀

Àwọn tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn wà ní Ìlú Ọba máa ń bi mí bóyá ó tọ́ kéèyàn sanwó fún lọ́yà, nígbà tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù físà wà. Èmi ò kábàámọ̀ owó tí mo san. Mo ti rí físà gbà, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fi ń yin ọ́fíìsì yìí, torí kò sí lọ́yà tó lè ṣèlérí físà fún ẹnikẹ́ni. Ìbéèrè tí wọ́n bi wá kí wọ́n tó gba owó iṣẹ́ ni mo fi ń yìn wọ́n.

Owó ìjókòó, ìyẹn owó tí èèyàn fi ń bá lọ́yà sọ̀rọ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Lọ́yà náà, obìnrin tó fara balẹ̀, kò béèrè iye tí a ní. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Màdáàmù, ìwé wo ni ọkọ yín fi ń gbé lọ́hùn-ún?" Orí ìyẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù dúró lé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ìlú náà, tàbí tó ti gba àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí láé bíi ti ọkọ mi, lè pe aya tàbí ọkọ rẹ̀ wá. Ẹni tó fi físà iṣẹ́ wà níbẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn tó gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti oṣù Kìíní ọdún yẹn kò lè mú wọn wá, àfi díẹ̀ nínú wọn, bí àwọn tó ń ṣe oyè ìwádìí. Obìnrin kan tí a jọ jókòó síta sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú arúgbó yìí ni wọ́n fi dá òun padà, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé owó ìjókòó. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ò wọgbó.

Ibi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó la ti pẹ́ jù. A ti ṣe ìdána, wọ́n ti so yìgì fún wa, ìyá ọkọ mi sì gbà pé ó ti parí. Lọ́yà ní yìgì wa kò burú, ṣùgbọ́n ṣé ọkọ mi ti fẹ́ ẹlòmíì rí? Ó ti fẹ́, kóòtù ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì ti kọra sílẹ̀. Ó ní àfi kí òun fojú rí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ náà. Ìgbéyàwó tí a bá ṣe lábẹ́ òfin ìjọba, Ilé Ẹjọ́ Gíga ló ń tú u ká. Kóòtù ìbílẹ̀ kò lágbára lórí ẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ tí Ilé Ẹjọ́ Gíga ń fúnni gan-an kò tíì dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀, ó di ẹ̀yìn oṣù mẹ́ta kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíì kí ìyẹn tó pé, ìgbéyàwó tuntun rẹ̀ kò dúró. Ti ọkọ mi pé. Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí, torí kóòtù ìbílẹ̀ la máa ń sáré gbà lọ fún gbogbo ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀.

Ó gbà wá nímọ̀ràn pé kí a ṣe ti ìjọba náà nígbà tí ọkọ mi bá wálé, kí ìwé wa má baà fa àríyànjiyàn. Ìkéde ọjọ́ 21 wà nínú ẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè ṣètò ìsinmi rẹ̀ dáadáa. Ó sì là á mọ́lẹ̀ pé bí ìyàwó kan bá ti wà lọ́hùn-ún lórúkọ ọkọ, wọn kì í fún ìyàwó kejì ní físà.

Ní ti owó, láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2024, ẹni tó ń peni gbọ́dọ̀ máa gba ó kéré tán £29,000 lọ́dún. £18,600 ni tẹ́lẹ̀. Mo béèrè bóyá èrè àdìrẹ tí mò ń tà máa kún un. Kò ní kún un, torí òde Ìlú Ọba ni mo ti ń pa á. Ẹni tí kò bá ní owó oṣù tó tó, £88,500 ló gbọ́dọ̀ ní nípamọ́, kó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Èyí ló gbà wá lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì kan tó ní òun á bá wa yá owó kó sínú àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá ká irú irọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, wọ́n lè tì í mọ́ta fún ọdún mẹ́wàá. Lọ́yà tún kọ owó ìlera tí à ń san fún ìjọba Ìlú Ọba sílẹ̀ fún wa kí a má baà bá a lójijì: £1,035 lọ́dún, £3,105 lẹ́ẹ̀kan náà fún físà oṣù 33.

Wọ́n tún ń béèrè ẹ̀rí pé èèyàn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Nàìjíríà kò sì sí lára orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbà pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè wọn. Nítorí náà ìdánwò ni, tàbí kí Ecctis, àjọ Ìlú Ọba tó ń yẹ oyè ilẹ̀ òkèèrè wò, jẹ́rìí sí oyè fásitì ẹni. Oyè tí mo gbà ní UNIOSUN ni mo lò. Àyẹ̀wò ikọ́ ife àti ìka títẹ̀, Èkó ni mo ti ṣe wọ́n. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé ikọ́ ife ń lò, ẹ má sáré ṣe é.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: wọn kì í tètè gbé fóònù, owó ìwé títẹ̀ àti síkáànì sì tún yàtọ̀, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ṣáájú. Lẹ́tà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ nípa ìfẹ́ èmi àti ọkọ mi le bí ìwé ìpẹ̀jọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ọ́ fúnra mi, wọ́n sì gbà.

Bí kò bá sí ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ọmọ ìyàwó àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, tí owó oṣù ọkọ sì pé, ìjókòó kan ṣoṣo tó yín, ẹ lè kún fọ́ọ̀mù fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí ìyàwó tó wà lọ́hùn-ún wà lórí fóònù nígbà ìjókòó náà, torí òun ni ìbéèrè pọ̀ fún jù.