Máàpù OS Landranger 173: mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ máàpù oníwèé

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń fi àwọn tó ń ra máàpù oníwèé ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, mo ní ṣebí fóònù wà. Àmọ́ nígbà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Bath lọ sí Avebury ní England, ká máa sun inú tẹ́ǹtì lọ́nà, la bá tẹ́ 173, ọ̀kan lára máàpù Landranger tí Ordnance Survey (OS), iléeṣẹ́ máàpù ìjọba Britain, ń ṣe, sórí tábìlì, ojú mi là wàyí. Sẹ̀ntímítà 2 ni kìlómítà 1, ìka lásán lo máa fi wọ̀n ọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni ọfà kéékèèké ojú títì. Ọfà kan, òkè gidi ni. Ọfà méjì, bọ́ sílẹ̀ jàre kó o máa ti kẹ̀kẹ́ ẹ. Ibi àtijọ́ náà ní irú lẹ́tà tiwọn, bá a ṣe rí Silbury Hill, òkè àtijọ́ táwọn èèyàn fọwọ́ kó jọ, nìyẹn, àti òkúta àtijọ́ Avebury tí wọ́n tò yí ká, tí apá kan abúlé wà láàárín ẹ̀, ilé ọtí ńkọ́, ó wà níbẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ kánáàlì la gbà dé Devizes, lock (ilẹ̀kùn omi tó ń gbé ọkọ̀ ojú omi sókè tàbí sísàlẹ̀) 29 ló wà ní Caen Hill, 16 nínú wọn tò gbọọrọ bí àtẹ̀gùn, ìtàn ni mo ń sọ yìí, orúnkún mi ò lè gbàgbé.

Bath fúnra ẹ̀ ò sí nínú 173 o, ẹ ra 172 mọ́ ọn. Àmì tẹ́ǹtì aláwọ̀ búlúù náà, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, torí èyí tá a gbójú lé, wọ́n ti tì í pa, bẹ́ẹ̀ ní England o ò kàn lè pa tẹ́ǹtì sínú oko olóko. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bàbá kan tó gbà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgùntàn ẹ̀.